Fáńsì nọ́ńbà ní Ìkòròdú: ohun tí ₦200,000 ń rà

Owó tí wọ́n kéde ní ọdún 2023 fún pléètì nọ́ńbà lásán ni ₦18,750. Ti fáńsì, èyí tí ẹ fúnra yín yan ohun tí wọn yóò kọ sójú rẹ̀, wọ ₦200,000; ₦80,000 ni tẹ́lẹ̀. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì jẹ́ ₦181,250, bẹ́ẹ̀ irin kan náà ni, ínṣì 12 ní ìbú, ínṣì 6 ní òró. Láti Sábó dé Odogunyan, ìbéèrè tí àwọn tó ń fẹ́ ẹ ń bi wá jù ni pé ṣé ó tó bẹ́ẹ̀. Ó tó bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó máa lo ọkọ̀ rẹ̀ pẹ́, àti fún ilé iṣẹ́ tí orúkọ ara ọkọ̀ ń polówó ọjà fún. Kò tó bẹ́ẹ̀ rárá fún ẹni tó rò pé òun máa tà á lérè lọ́la. Ohun tẹ́ ẹ ń sanwó fún ni ìlà kan nínú àkọsílẹ̀ ìjọba, tó so orúkọ yín mọ́ ọkọ̀ kan. Irin tó wà lára bọ́ńpà kàn ń fi ìlà náà hàn ni.

Pléètì lásán ní ètò tirẹ̀. Láti ọdún 2011 tí Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, FRSC, ti gbé tuntun jáde, lẹ́tà mẹ́ta ìjọba ìbílẹ̀ ló ń ṣíwájú, nọ́ńbà mẹ́ta tẹ̀ lé e, lẹ́tà méjì kẹ́yìn. Nínú ti àtijọ́, ìparí ni lẹ́tà ìjọba ìbílẹ̀ máa ń wà. KRD ni ti Ìkòròdú, BDG ni ti Àgbádárìgì, KJA ni ti Ìkẹjà. Àwọn ará Ẹ̀pẹ́ ló jàǹfààní jù lọ, nítorí EPE gan-an ni wọ́n fún wọn: orúkọ ìlú wà lójú pléètì wọn láìsan kọ́bọ̀ lé e. Búlúù lórí funfun ni ti ọkọ̀ aládàáni, pupa ni ti ọkọ̀ èrò. Ẹni tó bá gba fáńsì ti kúrò nínú ètò yìí nìyẹn, ohun tó yàn ló máa wà níbẹ̀.

Ibi yíyàn yìí gan-an ló yẹ kẹ́ ẹ ti fara balẹ̀, nítorí ẹ̀rọ tó ń tẹ pléètì kò mọ àmì ohùn, kò sì mọ àmì ìsàlẹ̀. Ẹ kọ OWO, owó lẹ ní lọ́kàn. Ẹlòmíràn á kà á sí ọwọ́, ẹlòmíràn á rò pé ará Ọ̀wọ̀ ni yín. OKO le jù bẹ́ẹ̀ lọ: oko ni, ọkọ ni, ọkọ́ ni, ọkọ̀ ni, ó sì tún lè jẹ́ ọ̀rọ̀ kan tí a kì í pè níwájú àgbà. Kúnlé náà á di kúnlẹ̀ lẹ́nu ẹni tó bá wà lẹ́yìn yín nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Orúkọ bíi TUNDE, FUNMI àti BUKUNMI kò fún ẹnikẹ́ni láyè àṣìkà. Àwọn orúkọ kúkúrú bíi ADE àti AYO ni gbogbo èèyàn ń dù, ẹ kọ orúkọ mẹ́ta sínú lẹ́tà ìbéèrè yín ní títẹ̀léra bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ wọn sí, kẹ́ ẹ má baà tún ìwé kọ bí wọ́n bá sọ pé àkọ́kọ́ ti lọ. Ẹ yẹra fún O tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òdo, àti I tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ 1. Kámẹ́rà tó ń ka nọ́ńbà ti wà lójú títì Èkó; bó bá ka òdo sí O, ọkọ̀ ẹlòmíràn ni àkọsílẹ̀ máa gbé jáde.

Ìwé tẹ́ ẹ máa kó dání kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ti ìforúkọsílẹ̀ ọkọ̀ lásán. Bí ọkọ̀ bá jẹ́ tòkunbọ̀, ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù ló ṣáájú. Lẹ́yìn rẹ̀ ni rìsíìtì tẹ́ ẹ fi ra ọkọ̀, NIN, nọ́ńbà owó orí tí wọ́n ń pè ní TIN, íńṣọ́ránsì àti ìwé ẹ̀rí pé ọkọ̀ yẹ lójú pópó. Íńṣọ́ránsì tó kéré jù, ìyẹn third party, ti di ₦15,000 fún ọkọ̀ aládàáni láti oṣù Kìíní ọdún 2023. Ẹni tó bá ní ₦3,000 lòun máa gbà ṣe íńṣọ́ránsì yìí fún yín ń tẹ bébà lásán fún yín ni. Ẹ san owó fáńsì sínú àkáǹtì ìjọba, kẹ́ ẹ sì gba rìsíìtì tó ní nọ́ńbà ìsanwó. Kò sí ìdí kankan tí owó yìí fi gbọ́dọ̀ gba inú àkáǹtì èèyàn kan kọjá.

Ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ àwọn ẹ̀jẹ́ǹtì ti máa ń bàjẹ́. Ẹ̀jẹ́ǹtì tó mọṣẹ́ wúlò púpọ̀: ó mọ fọ́ọ̀mù, ó ń tò fún yín, ìwọ̀nba owó iṣẹ́ ló ń gbà. Èyí tí kò dáa ń ṣe ọ̀kan nínú ohun mẹ́ta. Òmíràn á ní kí wọ́n lu pléètì fún yín lẹ́bàá títì, láìsí àkọsílẹ̀ kankan. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i lálẹ́ kẹ́ ẹ wò ó: pléètì ìjọba á dá ìmọ́lẹ̀ padà káàkiri ojú rẹ̀, ti ẹ̀bá títì á ṣú bí ìgbà tí wọ́n kun ilẹ̀kùn. Ẹ fi ìka pa lẹ́tà rẹ̀. Ti ìjọba wú jáde dọ́gba láti òkè dé ìsàlẹ̀, igun rẹ̀ kò sì ní ojú òòlù. Ẹ̀jẹ́ǹtì kejì á fún yín ní pléètì gidi tó jẹ́ ti ọkọ̀ mìíràn nínú àkọsílẹ̀. Ẹ tẹ nọ́ńbà náà sínú ibi àyẹ̀wò tó wà lórí ìkànnì NVIS ti FRSC. Bí irú ọkọ̀ tàbí àwọ̀ tó jáde bá yàtọ̀ sí tiyín, ẹ má gbé e kọ́.

Ẹ̀kẹta ló pọ̀ jù, kì í sì í ṣe jìbìtì nígbà gbogbo. Gbogbo nǹkan lè jẹ́ òótọ́, kí ẹni tó tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà ṣi lẹ́tà kan nínú nọ́ńbà ṣáṣíìsì. Ẹ mú ìwé ẹ̀rí ẹni tó ni ọkọ̀ dání, kẹ́ ẹ lọ sí iwájú ọkọ̀, ẹ tẹ̀ wo ìsàlẹ̀ gíláàsì iwájú. Lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Amẹ́ríkà, apá òsì níbi ìdarí ni nọ́ńbà náà wà, ó sì tún wà lára òpó ilẹ̀kùn awakọ̀. Mẹ́tàdínlógún ni lẹ́tà àti nọ́ńbà inú rẹ̀. Ẹ kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kẹ́nìkan máa pè é, kẹ́nìkan máa wo ìwé. Ṣáṣíìsì ọkọ̀ kì í ní lẹ́tà I, O tàbí Q nínú láéláé, nítorí náà bẹ́ ẹ bá rí O nínú ìwé yín, òdo ló yẹ kí wọ́n kọ síbẹ̀. Kí wọ́n tún un ṣe lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má ṣe gbé e délé kẹ́ ẹ tó mọ̀.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ń gbàgbé. Bí ọkọ̀ yín bá ti ní KRD tẹ́lẹ̀ kẹ́ ẹ tó gba fáńsì, nọ́ńbà àtijọ́ ṣì wà lórí íńṣọ́ránsì, lórí lásẹ́nsì ọkọ̀ àti lórí ìwé ẹ̀rí ojú pópó. Ẹ ní kí wọ́n yí gbogbo rẹ̀ padà. Bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀ tí nọ́ńbà orí íńṣọ́ránsì kò bá ti ara ọkọ̀ mu, ẹ ti fún ilé iṣẹ́ íńṣọ́ránsì láyè láti máa fi owó yín falẹ̀.

Fífi pléètì sára ọkọ̀ náà ní ọgbọ́n. Toyota àti Honda tó wá láti Amẹ́ríkà ti ní ojú ihò tó bá ínṣì 12 sí 6 mu, bóòtì tí sípánà 10 ń tú ló máa wọ̀ ọ́. Ọkọ̀ tó wá láti Jámánì tàbí Belgium kò rí bẹ́ẹ̀: àyè tí wọ́n ṣe síbẹ̀ gùn ní sẹ̀ǹtímítà 52, ṣùgbọ́n òró rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 11, tiwa sì lé ní 15. Bẹ́ ẹ bá fipá kàn án, ó lè bo kámẹ́rà ẹ̀yìn tàbí ọwọ́ búùtù. Ẹ jẹ́ kí wẹ́dà ṣe búrákẹ́ẹ̀tì pẹlẹbẹ sí i, kẹ́ ẹ fi wáṣà rọ́bà sáàárín irin àti bọ́ńpà kó má baà máa lu. Pléètì kì í dípẹtà, bóòtì ló ń dípẹtà. Lẹ́yìn òjò méjì, omi pupa á máa ṣàn lójú lẹ́tà yín. Bóòtì sítéènlẹ́ẹ̀sì ni kẹ́ ẹ rà. Ẹ má lu ihò gba àárín lẹ́tà, ẹ má sì fi férémù tó bo orúkọ ìpínlẹ̀ tàbí gíláàsì dúdú bò ó. Ẹ̀ṣẹ̀ nọ́ńbà lọ́dọ̀ FRSC, ₦3,000 ni owó ìtanràn rẹ̀, ṣùgbọ́n àkókò tí wọ́n máa gbà lọ́wọ́ yín ju owó náà lọ.

Ní ti iye tó tó, ìròyìn òkè òkun ló ń da orí àwọn èèyàn rú. Lóòótọ́, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nọ́ńbà '25 O' lọ ní £518,480 ní ọdún 2014. Oníṣòwò Ferrari ló rà á, nítorí ó jọ '250', irú Ferrari àtijọ́ tí àwọn olówó ń wá kiri. Ní Dubai, 'P 7' lọ ní mílíọ̀nù 55 dírámù ní oṣù Kẹrin ọdún 2023, gbàǹjo ìtọrẹ àánú sì ni. Ṣùgbọ́n ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti ń ta nọ́ńbà fúnra rẹ̀ láti ọdún 1989, wọ́n sì ní ìwé V750 àti V778 tó jẹ́ kí ẹ̀tọ́ nọ́ńbà dá dúró láìsí ọkọ̀. Ìwé yẹn ni wọ́n ń tà fúnra wọn, £80 sì ni owó àtifi nọ́ńbà sórí ọkọ̀. Ìdí nìyẹn tí nọ́ńbà kúkúrú fi ń gbówó lórí lọ́hùn-ún.

Lọ́dọ̀ wa, irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò sí. Ẹni tó bá ń polówó 'nọ́ńbà olóyè' lórí WhatsApp ní ₦600,000 ń ta irin tó wà lórúkọ ẹlòmíràn fún yín. Ìṣirò tiwa rọrùn: ₦200,000, ẹ pín in sí iye ọdún tẹ́ ẹ fẹ́ lo ọkọ̀ náà. Ọdún mẹ́wàá, ₦20,000 lọ́dún kan. Fún ilé ìtura tàbí ilé iṣẹ́ búrẹ́dì tí ọkọ̀ rẹ̀ ń gba Lagos Road lójoojúmọ́, kò wọ́n. Ọdún méjì, ₦100,000 lọ́dún. A ò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn rẹ̀. Bó bá sọnù tàbí tí wọ́n jí i, ìwé ọlọ́pàá àti ìbúra kóòtù lẹ máa kọ́kọ́ gbà, kẹ́ ẹ tó san owó àtúntẹ̀ fáńsì.

Fáńsì kì í fi kọ́bọ̀ kún iye ọkọ̀ lọ́jà. Oníbàárà tó bá rí TUNDE lára ọkọ̀ á máa ro owó ìforúkọsílẹ̀ tuntun, á sì yọ ọ́ nínú iye tó fẹ́ san. Nítorí náà, lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá tà á, ẹ tú pléètì méjèèjì kí kọ́kọ́rọ́ tó kúrò lọ́wọ́ yín. Ẹ kọ ọjọ́ àti aago sínú ìwé àdéhùn, kí ẹni tó rà á fọwọ́ sí i pé òun gba ọkọ̀ láìsí nọ́ńbà, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ mú ẹ̀dà kan lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n lè já orúkọ yín kúrò lórí ṣáṣíìsì yẹn.