Gláídà Àtijọ́ àti Ti Òde Òní: Èwo Ni Kí Ẹ Rà Bí Ìrìn Jíjìn Bá Wù Yín?

Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹrin ọdún 1972, Hans-Werner Grosse gbéra ní Lübeck, ní àríwá Jámánì, nínú gláídà, ìyẹn bàálù tí kò ní ẹ́ńjìnnì. Biarritz, ní gúúsù ilẹ̀ Faransé, ló balẹ̀ sí lọ́jọ́ náà gan-an. Kìlómítà 1,460 ni ìrìn náà, ó sì lé ní ọgbọ̀n ọdún kí ẹnikẹ́ni tó ta á yọ nínú ìrìn àlọ tààrà. Gláídà tó wà ní ìdí rẹ̀ ni ASW 12. Lónìí, owó táṣẹ́rẹ́ ni wọ́n ń ta ọ̀pọ̀ gláídà ayé ìgbà náà. Kí wá ni owó ńlá tí wọ́n ń bù lé tuntun ń rà?

Eré sísá ni. Ohun tí àwọn tó ń ta gláídà máa ń kọ́kọ́ sọ ni iye kìlómítà tó lè fò kó tó kanlẹ̀ bí ó bá wà ní gíga kìlómítà kan. Ka 6 onígi á lọ bí 30, LS4 onífáíbà (okùn dígí tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pọ̀) á lọ bí 40, JS1 tí ìyẹ́ rẹ̀ jẹ́ mítà 18 láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì á kọjá 50. Òótọ́ ni, àmọ́ ìgbà tí ẹ bá rọra ń lọ ni. Nǹkan bí kìlómítà 80 ní wákàtí kan ni Ka 6 ti ń ṣe tirẹ̀. Bí ẹ bá tẹ imú rẹ̀ sílẹ̀ kó lè sá dé 150, gbogbo gíga tí ẹ ti fi sùúrù kó jọ á tán kíákíá. JS1 á sá eré yẹn, kò sì ní fi bẹ́ẹ̀ já wálẹ̀.

Ìdí tí èyí fi ṣe pàtàkì ni pé oòrùn kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Atẹ́gùn gbígbóná tó ń gòkè láti ilẹ̀ ló ń gbé gláídà ró, bí oòrùn bá sì ti rẹlẹ̀, ó parí. Ẹni tó bá fẹ́ rin 1,000 kìlómítà láàárín wákàtí mẹ́jọ gbọ́dọ̀ máa lọ ní 125 ní wákàtí kan, tòun ti àkókò tó fi ń yí po nínú atẹ́gùn láti gòkè. Al Parker lẹni àkọ́kọ́ tó kọjá 1,000 kìlómítà. Ní ọjọ́ 31 oṣù keje ọdún 1964 ló fi Sisu 1A fò láti Odessa ní Texas dé Kimball ní Nebraska, 1,041 kìlómítà.

Ẹ kíyè sí nǹkan kan níbẹ̀. Ìrìn àlọ ni ti Parker àti ti Grosse. Atẹ́gùn ń ti Grosse lẹ́yìn, kò sì ní láti padà sílé. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ òde òní fẹ́ lọ kí wọ́n sì bọ̀, kí wọ́n sùn sílé. Lójú ọ̀nà àbọ̀, tí atẹ́gùn bá kọjú sí yín, ibẹ̀ ni gláídà àtijọ́ ti máa ń dáni dúró. Mo fẹ́ kí ẹ fi èyí sọ́kàn ju gbogbo iye tó wà nínú ìwé ìpolówó lọ.

Ka 6: igi àti aṣọ

Rudolf Kaiser ló ṣe é fún ilé iṣẹ́ Schleicher. Heinz Huth fi Ka 6 gba ipò kìíní nínú ìdíje àgbáyé fún kíláàsì Standard (ti àwọn gláídà tí ìyẹ́ wọn kò ju mítà 15 lọ) ní 1960 àti 1963, torí náà kì í ṣe gláídà àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ lásán. Ó fúyẹ́, òfìfo rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 190 kílò, nítorí náà atẹ́gùn tí kò lágbára á gbé e lọ sókè nígbà tí àwọn oníwúwo ṣì ń jìjàdù. Kì í nílò pápá ńlá láti balẹ̀. Owó rẹ̀ kò sábà ju ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àlòkù tó dáa lọ.

Gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi lẹ igi rẹ̀ ni kí ẹ bẹ̀rù. Bí omi bá ti wọlé sí i rí, gọ́ọ̀mù lè tú nínú ìyẹ́ láìjẹ́ pé ojú rí i láti òde. Inú tírélà ni wọ́n máa ń tú gláídà pa mọ́ sí; ẹ má ra èyí tí ó ti ń sùn nínú tírélà tó ń jò. Ẹ sì béèrè ẹni tó lè tún igi ṣe ní àdúgbò yín kí ẹ tó sanwó, nítorí àwọn tó mọ iṣẹ́ náà ń dínkù.

Irin kò fọkàn ẹni balẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. L-13 Blaník, gláídà onírin, pọ̀ káàkiri ayé, àmọ́ ní 2010 ìyẹ́ ọ̀kan já lójú òfurufú ní Austria nítorí pé irin rẹ̀ ti gbó, èèyàn méjì sì kú. Wọ́n dá àwọn tó kù dúró nílẹ̀. Bí wọ́n bá ta ọ̀kan fún yín lọ́pọ̀, ẹ béèrè bóyá ìwé rẹ̀ gbà á láyè láti fò.

LS4: fáíbà

Èyí ni màá rà. Rolladen-Schneider bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní 1980, wọ́n sì ṣe ju 1,000 lọ. Ìyẹ́ rẹ̀ jẹ́ mítà 15. Ó máa ń dárí ji ẹni tó ń fò ó, kì í gbé ara sọ lójijì. Ẹ lè bu omi sínú ìyẹ́ rẹ̀ kó wúwo kó sì sáré sí i lọ́jọ́ tí atẹ́gùn bá le, kí ẹ sì dà á nù kí ẹ tó balẹ̀. Ìrìn 300 kìlómítà rọrùn fún un, 500 sì wà ní ìkáwọ́ rẹ̀.

Ẹ wo òde rẹ̀ dáadáa nínú oòrùn. Ohun tí wọ́n fi bo fáíbà máa ń sán bí ó bá dàgbà, iye owó láti bó o kí wọ́n sì tún un kùn wọ́n gan-an. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú owó tí ẹ máa san.

JS1: kábọ̀n (okùn èédú tó le tó sì fúyẹ́)

Ó dùn mọ́ mi pé Áfíríkà ni wọ́n ti ń ṣe é, ní Potchefstroom, Gúúsù Áfíríkà, ní ilé iṣẹ́ Jonker. Ẹ lè fi ìyẹ́ mítà 18 tàbí 21 sí i, a sì lè fi ẹ́ńjìnnì jẹ́ẹ̀tì kékeré sínú ara rẹ̀ fún ọjọ́ tí atẹ́gùn bá kọ̀. Bí 750 tàbí 1,000 kìlómítà bá ti di ìrìn tí ẹ ń gbìyànjú lóòrèkóòrè, owó rẹ̀ tọ́. Bí kò bá tíì rí bẹ́ẹ̀, ìyẹ́ gígùn lórí pápá àgbẹ̀ tó há á dẹ́rù bà yín ju bó ṣe máa wúlò lọ.

Àwọn ìyẹ́ ńlá náà ni wọ́n ń fi ṣe nǹkan ìyanu lónìí. Ní ọjọ́ 21 oṣù kìíní ọdún 2003, Klaus Ohlmann àti ẹnìkejì rẹ̀ rin nǹkan bí 3,009 kìlómítà ní Argentina nínú Nimbus-4DM, tí ìyẹ́ rẹ̀ lé ní mítà 26. Atẹ́gùn tó ń kọlu òkè Andes tó sì ń ru bí ìgbì ló gbé e. Kò sí owó tó lè ra òkè yẹn wá sí Jámánì tàbí Gẹ̀ẹ́sì.

Èyíkéyìí tí ẹ bá yàn, ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń tà á tò ó lójú yín, kó sì tú u padà sínú tírélà. Nínú ọ̀pọ̀ gláídà àtijọ́, títí kan LS4 àkọ́kọ́, ọwọ́ ni wọ́n fi ń so àwọn ọ̀pá tó ń darí ìyẹ́ àti ìrù, pẹ̀lú píìnì tí kì í jẹ́ kí wọ́n yọ. Àwọn awakọ̀ ti kú nítorí pé wọ́n gbàgbé láti so ti ìrù. Bí ìsopọ̀ bá ti jẹ, tàbí tí wọ́n bá sọ fún yín pé píìnì kò pọn dandan, ẹ wá òmíràn lọ.