Ìkìlọ̀: ẹ fura sí ẹni tó ń ta owó bàbà “Àgbádárìgì”

Ẹ̀yin èèyàn wa tẹ́ ẹ ń ṣa owó bàbà àtijọ́ jọ nílùú ọba, ẹ dákun, ẹ fura. Ọkùnrin kan ń ta tókìn (owó bàbà tí kì í ṣe ti ìjọba) tí àwòrán ẹrú tó kúnlẹ̀ pẹ̀lú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ wà lára rẹ̀, èyí tí wọ́n kọ AM I NOT A MAN AND A BROTHER sí. Ọmọ Yorùbá ló ń wá kiri. Ó ní inú àpótí ìyá ìyá òun ní Àgbádárìgì lòun ti rí i, £180 ló sì ń pè é.

Irọ́ gbuu ni. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti tẹ tókìn yẹn, láàárín ọdún 1790 sí 1799. Owó bàbà kéékèèké ti ìjọba wọ́n wọn nígbà náà, làwọn oníṣòwò bá ń tẹ tiwọn. Iléeṣẹ́ ìwakùsà Parys ní Anglesey, erékùṣù kan ní Wales, ló ṣíde ní 1787. Coventry tẹ ti Lady Godiva orí ẹṣin, Norwich àti Ipswich náà ní tiwọn. Àwọn tó ń bá òwò ẹrú jà wá fi tókìn polongo. Kò kan Àgbádárìgì rárá. Ìtàn yẹn gan-an ló bí mi nínú ju ayédèrú lọ, torí ó mọ̀ pé àwòrán náà á gún wa lọ́kàn.

Ọ̀rẹ́ mi ní Peckham ra ọ̀kan, arákùnrin kan ní Manchester ra òmíràn. Nígbà tá a gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara, àpá kan náà ló wà léjìká ẹrú náà, ihò wẹ́wẹ́ kan náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà B. Ṣé owó méjì lè fara pa lójú kan náà? Ńṣe ló ń yọ́ bàbà dà wọ́n. Òǹtẹ̀ ni wọ́n fi lu ojúlówó, lẹ́tà rẹ̀ sì máa ń mú. Tiẹ̀ rí bí ọṣẹ tómi ti jẹ.

Ó ti ń ta pẹ́nì Anglesey náà báyìí. Ojúlówó ìyẹn sún mọ́ gíráàmù 28, wọ́n sì sábà máa ń kọ ON DEMAND IN LONDON LIVERPOOL OR ANGLESEY yí etí rẹ̀ ká. Ẹ ní kó ya etí rẹ̀ ní fọ́tò, kó sì gbé e sórí òṣùwọ̀n. Á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàwáwí ni.

Lórí PayPal, á ní kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ bí owó ọ̀rẹ́, tàbí kẹ́ ẹ san án sí àkáǹtì “àbúrò” òun. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ti sanwó láti báńkì, kó pe 159 kíákíá, wọn á so ó pọ̀ mọ́ báńkì rẹ̀. Tókìn náà ńkọ́? Ẹ má tíì dá a padà fún un, ẹ̀rí ni.