Ọ̀sà lówùúrọ̀, títì lọ́sàn-án: èwo nínú ìrìnàjò ọlọ́jọ́ kan sí Ìjẹ̀bú ló yẹ kí ẹ sanwó fún?

Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n ń gbà ta ìrìnàjò ọlọ́jọ́ kan sí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Ẹ lè bá èrò púpọ̀ wọ bọ́ọ̀sì. Ẹ lè gba mọ́tò, bóòtì àti afinimọ̀nà fún ìdílé yín nìkan. Ẹ sì lè fúnra yín lọ dúnàádúrà létí omi ní Ẹ̀pẹ́.

Kí ẹ tó béèrè iye owó, ẹ kọ́kọ́ béèrè bí wọ́n ṣe to ọjọ́ náà. Èyí tí bóòtì rẹ̀ kàn máa yí yín po lójú ọ̀sà, tó tún máa já yín síbi tó ti gbé yín, mi ò ní ní kí ẹ rà á. Ẹ wá èyí tó máa gba orí omi láti ìhà Èkó dé Ẹ̀pẹ́, kí mọ́tò wá gbé yín láti ibẹ̀ gòkè lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹ̀pẹ́ yìí ni Kòsọ́kọ́ sá wá nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé e kúrò lórí oyè l'Ékòó ní 1851. Nígbà tó di 1892, inú tún ń bí wọn pé Ìjẹ̀bú ti ọ̀nà òwò mọ́ wọn, ni wọ́n bá kó ọmọ ogun gba orí ọ̀sà wá sí Ẹ̀pẹ́, wọ́n sì fẹsẹ̀ rìn láti ibẹ̀. Ìmàgbọ̀n ni wọ́n ti bá àwọn jagunjagun wa pàdé lóṣù Karùn-ún. Ọmọ Ìjẹ̀bú tó bá gba ọ̀nà yẹn lẹ́ẹ̀kan, tó sì rí ẹni ṣàlàyé fún un, ìtàn ìlú rẹ̀ á yé e.

Bọ́ọ̀sì èrò púpọ̀ ló dínwó jù. Ó dáa fún ẹgbẹ́ ọmọ ilé-ìwé àtijọ́ tàbí ẹgbẹ́ ìjọ. Ìṣòro rẹ̀ máa ń yọjú tí ẹ bá dé Erédò Sùngbọ́. Yàrà ni, ó jìn, bèbè rẹ̀ sì ga láwọn ibì kan tó nǹkan bí mítà 20. Ẹ̀yìn ara wọn ni èèyàn ń tò wọ inú rẹ̀. Ẹni tó wà níwájú ń gbọ́ àlàyé, àwọn tó wà lẹ́yìn ń ya fọ́tò.

Tí agbára bá ká a, ti aládàáni ni kí ẹ mú, àmọ́ afinimọ̀nà ni kí ẹ fi owó yẹn rà, kì í ṣe mọ́tò tó ń dán. Ẹ pè é lórí fóònù kí ẹ tó san kọ́bọ̀, kí ẹ bi í léèrè nípa Bílíkísù Sùngbọ́. Ẹni tó mọṣẹ́ á sọ tàwọn àgbà: obìnrin ọlọ́rọ̀ kan tí kò bímọ, tó ní kí wọ́n gbẹ́ yàrà náà kí orúkọ òun má bàa parun. Á tún sọ pé yàrà náà lọ yí ká ní nǹkan bíi kìlómítà 160, pé àwọn awalẹ̀pìtàn ṣì ń jiyàn lórí ọjọ́ orí rẹ̀. Tó bá jẹ́ pé Sùngbọ́ ni Ọbabìnrin Ṣébà inú Bíbélì nìkan ló ń tẹnu mọ́ bíi pé ẹjọ́ ti parí, ẹ wá ẹlòmíì. Ẹ béèrè nípa ibojì tó wà l'Ókè-Ẹ̀rì, tí wọ́n ní ó jẹ́ ti Sùngbọ́, pẹ̀lú, torí wọn kì í jẹ́ kí obìnrin débẹ̀. Kò dáa kí ìyá àti àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ san owó pípé, kó wá jẹ́ pé ẹ̀bá ọ̀nà ni wọ́n ti máa gbọ́ ọ.

Ti aṣètò-fúnra-ẹni máa ń dà bíi pé ó rọjú lákọ̀ọ́kọ́. Owó epo bóòtì, owó kí ó dúró dè yín, owó mọ́tò, owó afinimọ̀nà: ẹ kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ ná, kí ẹ tó fi wé ti aládàáni. Ẹni tó ní ẹbí ní Ẹ̀pẹ́ tàbí ní Ìjẹ̀bú-Òde ló bá mu jù.

Èyí tó wù kí ẹ mú, ẹ ní kí wọ́n fi láìfù-jákẹ́ẹ̀tì hàn yín. Ẹ wọ̀ ọ́, ẹ di gbogbo okùn rẹ̀, kí ẹnì kan wá fà á sókè níbi èjìká. Tó bá gun yín dé etí, ó ti tóbi jù. Ọmọdé gbọ́dọ̀ ní tirẹ̀ tó bá a mu. Òwúrọ̀ ni kí ẹ fi sí orí omi, torí afẹ́fẹ́ máa ń le lọ́sàn-án, ìgbì á sì dìde.

Oúnjẹ ńkọ́? Ìrẹsì inú ike ni ọ̀pọ̀ wọn ń pín. Èyí tó bá yà sí ọjà ẹja Olúwo ní Ẹ̀pẹ́, tó sì fi ìkọ́kọrẹ́ gbígbóná tán ebi yín lọ́sàn-án, ló mọ iyì ìlú.

Àwọn kan máa ń fi Ìkẹ́nnẹ́ kún un, kí wọ́n lè sọ pé Rẹ́mọ náà wà níbẹ̀. Ẹ má gbà. Ilé Awólọ́wọ̀ àti ibojì rẹ̀ tó ọjọ́ tiwọn lọ́tọ̀, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ò tó wọn. Ẹni tó bá sì fẹ́ fi Ojúde Ọba pọ̀ mọ́ ọn, ọjọ́ kẹta Iléyá nìyẹn. Mọ́tò kì í rọ́nà gbà lọ́jọ́ yẹn, ẹ fi bóòtì sí ọjọ́ mìíràn.