Cloud mẹ́ta tí mo yá láti Under G: ọ̀kan gbówó mi, ọ̀kan sùn, ọ̀kan ló kù

Pátákó iwájú ṣọ́ọ̀bù mi ní Under G, nílùú Ògbómọ̀ṣọ́, fọ́tòkọ́pì, ìwé títẹ̀ àti fọ́tò pásípọ́ọ̀tù ló wà lára rẹ̀. Ohun tó ń bọ́ mi gan-an kò sí níbẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ aládàáni márùn-ún ló ń gbé èsì ìdánwò sórí ojú òpó tí mo ṣe fún wọn, onífọ́tò méjì sì ń kó fídíò ìgbéyàwó àti òkú àgbà pamọ́ sọ́dọ̀ mi. Láti Adéníkẹ̀ẹ́ dé Ọjà Jagun, Àǹtí Kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń pè mí, bẹ́ẹ̀ kọ̀ǹpútà mẹ́rin péré ni mo ní, ọ̀kan nínú wọn ò sì ní bátìrì mọ́. Èyí tó ń ṣiṣẹ́ ní tòótọ́, yíyá ni mo yá a. Kọ̀ǹpútà olówó ńlá kan wà nílùú òkèèrè, èmi ń san owó ìlò, bí èèyàn ṣe ń yá àga àti kánópì. Ohun tí wọ́n ń pè ní cloud kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọwọ́ mẹ́ta ni mo ti yá a báyìí.

Ti àkọ́kọ́, ilé-iṣẹ́ ńlá kan ni. Mi ò ní dárúkọ wọn, torí ọwọ́ tèmi náà ò mọ́ nínú ọ̀rọ̀ ọ̀hún. Iṣẹ́ wọn dáa: láti 2022 tí mo ti wà lọ́dọ̀ wọn, kò sọ́jọ́ tí òbí tẹ nọ́ńbà ọmọ rẹ̀ tí èsì ò jáde. Àmọ́ wọn kì í dá iye kan lé e. Wákàtí ní wákàtí, GB ní GB ni wọ́n ń kà á, bíi mítà NEPA, àfi pé ìparí oṣù lo máa tó rí ojú mítà náà dáadáa. Dọ́là 14 ni mo máa ń san. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, iye yẹn ò tó ₦7,000 ní báńkì. Nígbà tí CBN tú náírà sílẹ̀ lóṣù Kẹfà 2023, tí dọ́là bẹ̀rẹ̀ sí í gùn, dọ́là 14 kan náà di ₦21,000 kó tó pé ọdún méjì. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ ò fi kọ́bọ̀ kún tèmi.

Oṣù Kẹta 2025 ni wàhálà dé. Alẹ́ Sátidé, ọwọ́ mi wà nínú àmàlà, ni aláàtì báńkì dún. Mo fi ìka kékeré tẹ fóònù. Dọ́là 61 àti sẹ́ǹtì díẹ̀, ₦95,000 ó dín díẹ̀. Mi ò parí àmàlà yẹn.

Èmi àti Táyọ̀ àbúrò mi jókòó ti bíìlì náà, a ń kà á ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Ìlà tó tóbi jù, dọ́là 34, owó àjáde ni wọ́n pè é. Onífọ́tò mi kan ló gbé fídíò ìyàwó kan tí wọ́n ṣe ní Ìkòyí-Ilé sórí rẹ̀, 40 GB, ó wá ju líǹkì rẹ̀ sínú WhatsApp ẹbí. Èèyàn méjìlá ló dáńlóòdù gbogbo rẹ̀, láti Kánádà, láti London, ẹnì kan láti Ṣakí. 480 GB nìyẹn. Wọ́n fi 100 GB jì mí, wọ́n gba sẹ́ǹtì mẹ́sàn-án lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan ìyókù. Bí Amazon, Google àti Microsoft náà ṣe ń ṣe é nìyẹn: gbígbé nǹkan wọlé, ọ̀fẹ́, gbígbé e jáde, owó. Gáréèjì tó ṣí géètì sílẹ̀ fún ọ, tó wá ń já tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà àbájáde.

Mo pe onífọ́tò. "Ṣé ìwọ lo ní kí wọ́n dáńlóòdù ẹ̀ látòkè délẹ̀?"

"Àǹtí, ṣebí ẹ̀yin lẹ ní cloud ò lópin."

Lóòótọ́, èmi ni mo sọ ọ́.

Ìlà kejì ló pa mí lẹ́rìn-ín níkẹyìn. Server kan, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí à ń yá yẹn, wà ní Virginia, ní Amẹ́ríkà. Gbogbo tiwa, Ireland ló wà. "Táyọ̀, ta ló lọ sí Virginia?" Ó dákẹ́. Ó jọ pé ó ti fẹ́ fi kọ́ nǹkan kan ní LAUTECH, ó tan server, ó ṣe tirẹ̀ tán, ó pa láptọ́ọ̀pù dé, ó rò pé server ti sùn pẹ̀lú láptọ́ọ̀pù. Ojú ìwé tí a máa ń wò, ti Ireland nìkan ló ń fi hàn wá, àfi ìgbà tí a yí orúkọ ibẹ̀ padà la tó rí i, ó ń jó lọ láti ọjọ́ kẹta oṣù. Lẹ́yìn ìyẹn ni dọ́là mẹ́ta fún dísíìkì server àtijọ́ kan tí mo ti pa tipẹ́. Pípa kọ́ ni píparẹ́. Tí o bá pa server, owó server dúró, àmọ́ dísíìkì tó wà lábẹ́ rẹ̀ ṣì ń jẹ owó ilé títí tí wàá fi pa á rẹ́. Fi VAT 7.5% lé gbogbo rẹ̀.

Ẹ ó ní ṣé mi ò ṣètò ìkìlọ̀ ni. Mo ṣe é, pé kí wọ́n sọ fún mi tí bíìlì bá kọjá dọ́là 20. Ó wọ í-meèlì mi láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ìkìlọ̀ yẹn kì í dá nǹkan kan dúró, ó kàn ń sọ fún ọ ni, kì í sì í yára sọ ọ́.

Inú bí mi, mo kó èsì lọ sọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ kan nílé níbí. Náírà ni, ₦9,000 lóṣù, transfer lásán, ọmọkùnrin kan sì ń dá mi lóhùn lórí WhatsApp, "ẹ má bínú Ma" ní gbogbo ìgbà. Oṣù méjì àkọ́kọ́ dùn. Ó di ọjọ́ Ẹtì tí ilé ẹ̀kọ́ parí táàmù kẹta, server sùn láago mẹ́wàá òwúrọ̀, alẹ́ Sunday ló jí. Proprietress kan pè mí nígbà mọ́kànlá. "Àǹtí, ṣé ẹ fẹ́ káwọn òbí wá bá mi nílé ni?" Mo tan jẹnẹrétọ̀, mo tẹ èsì ọmọ 312 jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, mo gbé e sórí ọ̀kadà lọ sí Sábó nínú òjò, mo fi ọ̀rá wé e. Fún ojú òpó ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ti aṣọ títà, mo lè ní kí ẹ lọ bá wọn. Fún èsì, rárá.

Ibi tí mo wà báyìí ni Hetzner, àwọn ará Jámánì, pẹ̀lú R2, ibi ìpamọ́ fáìlì tí ilé-iṣẹ́ Cloudflare ń yáni, fún fídíò. Hetzner dá iye lé server kékeré lóṣù, kò ju yúrò díẹ̀ lọ, 20 TB àjáde (TB kan tó 1,000 GB) sì ti wà nínú owó náà tó bá jẹ́ ti Yúróòpù. Èsì ilé ẹ̀kọ́ márùn-ún ò lè rí ìsàlẹ̀ rẹ̀ láéláé. R2 ò gba owó àjáde rárá, owó ìpamọ́ ló ń gbà lọ́wọ́ mi, sẹ́ǹtì kan àtààbọ̀ lórí GB kan lóṣù. Fídíò tí mo ní níbẹ̀ tó 600 GB, ó ń lọ sí dọ́là mẹ́sàn-án. Jẹ́ kí gbogbo Kánádà dáńlóòdù.

Àwọn ọmọ LAUTECH máa ń bá mi jiyàn pé kí n lọ lo Cape Town, torí Áfíríkà ni. Amazon ṣí tibẹ̀ ní 2020 lóòótọ́, àmọ́ owó àjáde níbẹ̀ wọ́n ju ti Ireland lọ, wáyà abẹ́ òkun tó so Èkó mọ́ Yúróòpù sì pọ̀. Láti Ògbómọ̀ṣọ́, server Jámánì ò pẹ́ dáhùn.

Àbùkù wà níbẹ̀. Yúrò ni, wàhálà náírà ò lọ. Ẹni tí kò bá mọ bí wọ́n ṣe ń tún server ṣe fúnra rẹ̀, kó má lọ síbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa bá ọ pa ilẹ̀kùn. Báákọ̀ọ̀pù, ìyẹn ẹ̀dà server tí wọ́n ń bá ọ tọ́jú pamọ́, ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún owó server ni wọ́n ń fi lé e, mo sì ń san án láìjanpata, nítorí ọjọ́ Ẹtì ọ̀hún.

Ohun kan tún wà tí kì í ṣe ẹjọ́ ilé-iṣẹ́ kankan: ìwé èsì kọ̀ọ̀kan tóbi tó 4 MB, torí báàjì ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n fi síkánà yà bíi pátákó ìdìbò. Mo dín in kù sí 180 KB. Proprietress ní báàjì òun ti ṣá. Mo ní ẹ jọ̀ọ́ Ma, ẹ wọ gíláàsì yín.

Máàkì: Jámánì àti R2, mẹ́jọ nínú mẹ́wàá. Ti ilé, mẹ́ta, nítorí ọmọkùnrin WhatsApp yẹn. Ti ńlá, mẹ́fà. Kò sí ohun tó ṣe wọ́n, apá mi ni ò ká wọn. Mo ti kó gbogbo ẹrù mi kúrò lọ́dọ̀ wọn, àbí mo rò bẹ́ẹ̀. Oṣù tó kọjá wọ́n tún yọ sẹ́ǹtì 31. Táyọ̀ ní òun máa wá ibi tó wà lọ́jọ́ Sátidé.