Ètò kọ̀ǹpútà tó ń ka àwòrán ọkàn: ó dáa, àmọ́ ẹ wò ó lójú

Iṣẹ́ mi ni kí n máa ka àwòrán MRI ọkàn (èyí tí ẹ̀rọ olóòfà ń yà nínú ara), torí náà ohun tí mo fẹ́ sọ nípa ètò tuntun yìí kì í ṣe àgbọ́sọ. Tẹ́lẹ̀, ọwọ́ la fi ń fa ìlà yí inú ìyàrá ọkàn apá òsì ká, àwòrán kan tẹ̀ lé òmíràn, nígbà tí ẹ̀jẹ̀ kún inú rẹ̀ àti nígbà tó fún un jáde. Ọrùn á máa ro èèyàn! Ní báyìí, ètò náà ti fa gbogbo rẹ̀ kí n tó mu omi tán. Bí ẹ̀jẹ̀ bá jẹ́ mílílítà 140 nígbà tí ìyàrá kún, tó wá ku 56, ojú ẹsẹ̀ ló máa sọ pé ìdá 60 nínú 100 ló jáde.

Apá ọ̀tún ńkọ́? Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Ògiri rẹ̀ fẹ́lẹ́, ó tẹ̀ kọrọdọ bí oṣù tuntun, ìlà sì máa ń ṣìnà níbẹ̀. Nítòsí fáàfù (ilẹ̀kùn tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá), ó máa ń ka ìyàrá òkè mọ́ ti ìsàlẹ̀. Àwòrán kan péré tó bá ṣì mú, ìṣirò ti yí padà nìyẹn. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò lù déédéé, tirẹ̀ tún le jù.

Ó gbà kí n fọwọ́ tún ìlà ṣe, mo dúpẹ́. Àmọ́ kò sọ bóyá ẹ̀jẹ̀ ló ka àwọn iṣan kéékèèké inú ìyàrá mọ́ tàbí ògiri. (Mo ti béèrè, àwọn tó ṣe ètò náà ò tíì fèsì.)

Apá òsì gba mẹ́rin nínú márùn-ún. Apá ọ̀tún, méjì, ojú àánú sì nìyẹn.