Oṣù Méjìdínlógún Pẹ̀lú Drupal ní Ẹgbẹ́ Alájẹṣẹ́kù Wa l'Ábẹ́òkúta

Nígbà tí àwọn tó ń ta sọ́fítíwíà ìkànnì wá láti Èkó sí ọ́fíìsì wa n'Ìbarà, ohun kan péré ni mo kọ́kọ́ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ṣe: kí wọ́n tẹ orúkọ ẹgbẹ́ wa sínú rẹ̀ ní Yorùbá, pẹ̀lú àmì ohùn. Wọ́n tẹ̀ ẹ́. Gbogbo ibi tó yẹ kí ẹ́ àti ọ̀ wà, àmì ìbéèrè ló jókòó síbẹ̀. Wọ́n ní nǹkan kékeré nìyẹn, pé bí a bá ti san ìdajì owó, àwọn á tún un ṣe. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, mo sì sìn wọ́n dé ẹnu géètì. Ìlú tí Henry Townsend ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Ìwé Ìròyìn fún Ẹ̀gbá àti Yorùbá ní 1859 rèé. Bí wọ́n bá lè to lẹ́tà èdè wa lọ́kọ̀ọ̀kan nígbà náà, mi ò rí ìdí tí sọ́fítíwíà olówó ńlá kò fi ní lè ṣe é lónìí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó gbé wa dé ibi tí à ń wá sọ́fítíwíà kiri, títí a fi mú Drupal, sọ́fítíwíà tí wọ́n fi ń kọ́ ìkànnì. Ẹ̀ka mọ́kànlá la ní, láti Lafẹ́nwá títí dé Àdátán. Lórí ìkànnì wa àtijọ́, ọmọkùnrin kan ṣoṣo ló ní pásíwọ́ọ̀dù. Akọ̀wé ẹ̀ka á fi ìròyìn ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp, òun náà á gbé e sókè nígbà tó bá ráyè. Nígbà tó ríṣẹ́ síbòmíràn tó sì lọ, ojú ìwé owó yíyá wa dúró sórí èlé àtijọ́ fún oṣù mẹ́rin gbáko. Ìyá kan tó ń ta àdìrẹ n'Ìtòkú gbé fóònù rẹ̀ wá bá mi. Ó ní, "Ọmọ mi, èyí tí ẹ kọ síbí kọ́ lẹ̀ ń gbà lọ́wọ́ mi o." Òótọ́ ló sọ. Mo dọ̀bálẹ̀ bẹ màmá, ẹgbẹ́ sì dá ìyàtọ̀ owó náà padà fún wọn. Láti ọjọ́ yẹn, ìbéèrè méjì ni mo ń bi gbogbo sọ́fítíwíà tí wọ́n bá gbé wá: ta ló lè kọ ọ̀rọ̀ sínú rẹ̀, ta ló sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kó tó jáde?

Nígbẹ̀yìn, Drupal àti WordPress, tí òun náà jẹ́ irú rẹ̀, ló kù nílẹ̀ fún wa. Ọ̀fẹ́ ni àwọn méjèèjì, PHP, èdè tí wọ́n fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ni wọ́n sì fi kọ wọ́n. Drupal ló ṣe ẹ̀gbọ́n: 2001 ni Dries Buytaert, ọmọ ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀m, gbé e jáde fún gbogbo ayé, 2003 ni WordPress dé. Bó bá jẹ́ ṣọ́ọ̀bù kan tàbí ìjọ kan lẹ fẹ́ ṣe ìkànnì fún, ẹ mú WordPress, kíá lẹ máa mọ̀ ọ́n lò. Tiwa yàtọ̀. Láti ẹ̀dà 8 tó jáde ní 2015 ni ètò èdè púpọ̀ ti wà nínú Drupal fúnra rẹ̀. A fi Yorùbá kún un pẹ̀lú "yo", kóòdù tí kọ̀ǹpútà fi ń dá èdè wa mọ̀, ojú ìwé kọ̀ọ̀kan sì ní ìkejì rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ètò ìfọwọ́sí náà wà níbẹ̀. A fi ìpele kan sáàárín draft (ọ̀rọ̀ tí a ṣì ń kọ lọ́wọ́) àti ìgbéjáde: akọ̀wé ẹ̀ka á kọ, akápò tàbí akọ̀wé àgbà á yẹ̀ ẹ́ wò, ìgbà yẹn ni aráyé tó lè rí i. Akọ̀wé Lafẹ́nwá kò lè fọwọ́ kan ojú ìwé èlé rárá. Bí ẹnikẹ́ni bá sì yí nǹkan padà, ẹ̀dà ti tẹ́lẹ̀ ṣì wà, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó yí i padà àti aago tó ṣe é.

Iṣẹ́ tó pọ̀ jù kò sí lára sọ́fítíwíà. Kíkó ọ̀rọ̀ àtijọ́ wá ló gba oṣù mẹ́ta lọ́wọ́ wa, torí a ní láti ka ojú ìwé kọ̀ọ̀kan ká tó mọ èyí tó ṣì jẹ́ òótọ́. Èyí tó ju ìdajì lọ la dànù.

Ọ̀ràn àmì ohùn tún yọjú, lọ́nà tí mi ò retí. Ẹ wo ẹ́ yìí. Kọ̀ǹpútà ní àyè tirẹ̀ fún lẹ́tà ẹ, ṣùgbọ́n kò sí irú àyè bẹ́ẹ̀ fún ẹ́: àmì orí rẹ̀ dá dúró ni. Kíbọ́ọ̀dù fóònù kan á kọ ẹ, á wá fi àmì lé e lórí; òmíràn á kọ é, á wá fi ẹsẹ̀ sí i nísàlẹ̀. Lójú ènìyàn, ọ̀kan náà ni. Lójú kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ méjì ni, tí ẹ bá sì wá ọ̀kan, ìkejì kò ní jáde. Ọjọ́ méjì la fi ń wá ìròyìn ẹ̀ka Ìjẹmọ̀ tó wà níwájú wa. Ẹni tó ń bá wa kọ kóòdù ló fi ètò kékeré kan síbẹ̀ tó ń sọ gbogbo rẹ̀ di irú kan, èyí tí wọ́n ń pè ní NFC, kó tó wọlé. A tún fi àyè kan sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ tí kò lámì rárá, nítorí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó ń tẹ "Egba" lásán nígbà tí wọ́n bá ń wá nǹkan. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe ìkànnì Yorùbá, irú sọ́fítíwíà yòówù kẹ́ ẹ lò, ẹ ṣe èyí lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ lo fọ́ńtì Noto pẹ̀lú, kí àmì má baà máa sá kúrò lórí lẹ́tà.

Ibi tó ti ń nini lára wà. Drupal 10 ń béèrè PHP 8.1, Composer, irinṣẹ́ kan tí wọ́n ń tẹ àṣẹ sí, ni wọ́n sì fi ń ṣe àfikún rẹ̀, nítorí náà àyè olówó pọ́ọ́kú tí a yá fún ìkànnì tẹ́lẹ̀ kò tó. Sáfà tiwa, kọ̀ǹpútà tí ìkànnì ń gbé inú rẹ̀, la yá, dọ́là la sì ń san. Ojú ibi tí wọ́n ti ń kọ̀wé kún fún àpótí débi pé akọ̀wé Àdátán ní àyà òun ń já. A pa èyí tó pọ̀ nínú wọn mọ́, ara rẹ̀ wá balẹ̀. Drupal kì í sì í dá ọ̀rọ̀ pamọ́ fúnra rẹ̀ bí ẹ ṣe ń kọ ọ́ lọ, gẹ́gẹ́ bí WordPress ṣe ń ṣe. Iná lọ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìròyìn ìpàdé ọdọọdún bá a lọ. A ti fi module, ìyẹn àfikún kékeré, tó ń ṣe é kún un báyìí, ì bá dára ká ti ṣe é tẹ́lẹ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní òun fẹ́ bá yín fi Drupal 7 ṣe é ní owó kékeré, ẹ má gbà. Ọjọ́ 5 oṣù kìn-ín-ní 2025 ni àtìlẹ́yìn rẹ̀ parí, kíkúrò níbẹ̀ bọ́ sí ẹ̀dà tuntun sì dà bí kíkọ́ ilé mìíràn látilẹ̀.

Èlé kò tíì ṣì mọ́ láti oṣù méjìdínlógún. Màmá Akápò, tí wọ́n ní àwọn ò ní fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà láéláé, ń ti orí fóònù wọn fọwọ́ sí ojú ìwé báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n dá ìkéde Àdátán padà nítorí "owó" tó wà níbi tó yẹ kí "ọwọ́" wà.