Ọnà ọrùn agbádá: ká kọ́ tọwọ́ ni, àbí ti ẹ̀rọ?

Ẹni tó fẹ́ kọ́ ọnà ara agbádá kò ní ṣàì béèrè èyí.

Ní ti owó, tọwọ́ kò ju abẹ́rẹ́, òwú àti ṣọ́ọ̀kì tí a fi ń ya ọnà lọ. Ti ẹ̀rọ gba owó máṣíìnì, ó tún gba iná. Níbi tí iná ọba kò bá ti dúró, ẹ fi owó epo jẹnẹrétọ̀ kún un.

Àkókò ni wọ́n ti yàtọ̀ jù. Agbádá tí ọnà rẹ̀ kún lè gba ẹni tó ń fọwọ́ ṣe é ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ọjọ́ díẹ̀ tó ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n tí tọwọ́ bá wọ́, ẹ ó rọra tú u ni. Ẹ̀rọ a ti sáré jìnnà kí ẹ tó rí àṣìṣe, bí ẹ bá sì tú u, ihò abẹ́rẹ́ a hàn, pàápàá lára aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́.

Bó bá jẹ́ iṣẹ́ ẹgbẹ́jọdá tí ọjọ́ rẹ̀ ti sún mọ́ lẹ fẹ́ máa gbà, ẹ̀rọ ni. Bó bá jẹ́ sányán tí oníbàárà fẹ́ fi sílẹ̀ fún ọmọ, tó sì ṣe tán láti sanwó sùúrù, tọwọ́ ni èmi máa kọ́.